Ìwé Tí Bàbá Fẹ́mi Kọ̀ Láti Fi Eyín Ya

Ẹ̀gẹ́ ni èmi àti Bàbá Fẹ́mi, ọkọ mi, ń hú lóko wa lẹ́yìn ìlú wa, Ìkòrò, lọ́jọ́ tí ayé yí mọ́ wa lọ́wọ́. Ìbọn dún lọ́ọ̀ọ́kán. Mo rò pé ọdẹ kan ló rí ọ̀yà. Àfi bó tún ṣe dún, tó ń dún láìsinmi. Bàbá Fẹ́mi, tó ti ń dọdẹ láti ìgbà èwe rẹ̀, ju àdá sílẹ̀.

"Èyí kì í ṣe ìbọn tiwa. Sáré!"

Mo sáré. Bàtà mi kan wà lóko yẹn títí dòní.

Àwọn agbébọn ló wọ igbó. Wọ́n pa èèyàn, wọ́n gbé èèyàn lọ, oko wá di ibi tí ẹnikẹ́ni ò lè dé mọ́. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wà ní Èkó nígbà náà, ẹ ò lè mọ bí ó ṣe rí lára. Àgbẹ̀ ni wá! Iṣu ń jẹrà nínú ebè, àwa ń ra gààrí. Gààrí láàárọ̀, gààrí lálẹ́, nígbà tó yá gààrí gan-an di ohun tí a ń wá kiri.

Àwọn ọdẹ, Bàbá Fẹ́mi pẹ̀lú wọn, kó ara wọn jọ sí ilé ẹ̀kọ́ tó wà létí igbó, wọ́n ń ṣọ́ ìlú. Ìbọn wo ni wọ́n ní? Ṣakabùlà! Tí o bá yìn ín lẹ́ẹ̀kan, o ó da ẹ̀tù sí i láti inú àdó, o ó fi ọ̀pá kì í, o ó da ọta sí i, o ó tún kì í. Kí o tó ṣe tán, ẹni tó gbé ìbọn ìgbàlódé ti ba tìẹ jẹ́. Délé, ọ̀kan nínú wọn, ló ní kí a máa fi ìwé di ẹ̀tù àti ọta pọ̀ sílẹ̀, ìdì kan fún ìyìn kan. Ọdẹ yóò kàn fi eyín ya orí rẹ̀, yóò dà á sẹ́nu ìbọn, yóò ti ìwé náà tẹ̀ lé e, ó parí. Èmi tí mo ń fi ìwé di ẹ̀pà tà ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé wo ló wà nílùú wa? Ìwé ṣọ́ọ̀ṣì! Ètò ìkórè, ètò ìsìnkú, ètò ìdúpẹ́, kò sí èyí tí orúkọ Jésù kò sí lára rẹ̀. Alàgbà ìjọ sì ni Bàbá Fẹ́mi. Ó gba ìdì àkọ́kọ́, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó dá a padà fún mi.

"Ìyá Fẹ́mi, èmi ò lè fi eyín ya orúkọ Olúwa."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Fẹ́mi, ìbọn ni wọ́n ń yìn sí yín níbẹ̀!"

"Mo mọ̀. Wá ìwé mìíràn."

Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ sọ fún un pé Ọlọ́run ò ní bínú. Ó ní ṣé eyín pásítọ̀ lòun máa fi ya á ni? Ẹ gbà mí! Gbogbo ìlú ń di ẹrù, èmi jókòó, mò ń ka ìwé kọ̀ọ̀kan kí n tó dì í. Mo tọrọ ìwé ìṣirò lọ́wọ́ àwọn ọmọ iléèwé títí kò fi sí mọ́. Nígbà tí ó sú mi, mo kó àwọn ti ṣọ́ọ̀ṣì sí ìsàlẹ̀ àpò rẹ̀. Mo ní tí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, yóò ya á.

Ọ̀sán gangan ni àwọn agbébọn dé. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni a dọ̀bálẹ̀ sí, tí ariwo ìbọn ń mi fèrèsé. Nígbà tí ó rọlẹ̀, Délé wọlé. Kò lè wo ojú mi.

"Màmá, ìwé ìṣirò tán lọ́wọ́ Bàbá. Wọ́n tọwọ́ bọ àpò, wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n wò ó, wọ́n dá a padà. Wọ́n mú òmíràn. Mo pariwo, 'Ẹ ya á, Bàbá! Ẹ ya á!' Àdó ni wọ́n gbé."

"Ṣé wọ́n yìn ín?"

"Ọ̀pá ṣì wà lẹ́nu ìbọn nígbà tí ọta bà wọ́n."

Àwọn agbébọn náà kò padà wá mọ́. Igbó dákẹ́, a padà sóko. Ẹ̀gẹ́ tí a ò hú tán lọ́jọ́ yẹn ti le bí igi. Àwọn ọdẹ gbé àpò Bàbá Fẹ́mi fún mi, gbogbo ìdì ṣọ́ọ̀ṣì pé síbẹ̀, kò sí ojú eyín lára ọ̀kankan. Ó dùn mí. Ó ń bí mi nínú títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Tí mo bá dá wà nínú ilé, mo máa ń bá a jà. Kí ló dé tí ẹ ò ya á?

Lánàá, ìwé tí mo fi ń di ẹ̀pà tán. Ètò ìsìnkú rẹ̀ ṣì kù nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo fa ọ̀kan yọ, mo fẹ́ ya á sí méjì. Àwòrán rẹ̀ ń wò mí, orúkọ Jésù wà lókè orí rẹ̀. Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. Ọkùnrin yìí! Mo dá a padà sínú páálí, mo sì lọ ra ọ̀rá.