Àgbọ̀nrín tí Ọlálẹ́yẹ Kò Yìnbọn Sí

Nígbà tí Ọlálẹ́yẹ ará Òde-Màhín wà ní géńdé, ó mọ ìbọn í yìn débi pé yànmùyánmú kan ń fò kọjá lọ lọ́jọ́ kan, ó bi àwọn tó wà níbẹ̀ léèrè apá tí wọ́n fẹ́ kí òun bá a já. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi yànmùyánmú náà. Apá òsì rẹ̀ kò tíì san títí di òní.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe yíyìn ni Olówòkéré, bàbá ìyàwó rẹ̀, fi kọ́ ọ. Àìyìn ló fi kọ́ ọ. Ọdẹ gidi ni bàbá náà. Bí àwọn méjèèjì bá jọ wọ inú igbó, tí ẹran yọ, tí ara Ọlálẹ́yẹ ń yá gágá, bàbá á fi ìgbọ̀nwọ́ gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Má wo ẹran. Wo ẹ̀yìn ẹran."

Bí igi abùrà bá dúró gbọingbọin lẹ́yìn rẹ̀, kó yìn. Bó bá jẹ́ ojú ọ̀run gbalasa ló wà níbẹ̀, kó sọ ìbọn kalẹ̀, nítorí ojú ọ̀run kì í gba ọta dúró. Ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń bá a gbà á.

Igi pọ̀ láyé ìgbà náà. Àfi bí kọ́ńpìnnì epo ṣe dé, tí wọ́n la ọ̀nà omi láti inú òkun wọlé kí ọkọ̀ ńlá wọn lè ráyè kọjá. Òkun kì í ṣe àlejò tí í kan ilẹ̀kùn. Ó bá ọkọ̀ wọn wọlé, ó sì jókòó. Omi iyọ̀ gun gbogbo ẹsẹ̀ igbó. Ògùrọ̀ kú lórí ìdúró, abùrà wọ́ ewé, igbó tó dúdú bí inú ìkòkò wá dà bí ẹnu arúgbó, kùkùté kan síhìn-ín, kùkùté kan sọ́hùn-ún. Ilẹ̀ wá tẹ́jú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá sín ní Abereke, ará Oríòkè-Ìwàmímọ́ ló ń kí i pé "pẹ̀lẹ́ o."

Ìyẹn dára fún ìkíni. Kò dára fún ìbọn. Kọ́lájọ ọdẹ yìnbọn sí òyà kan láàárín òkú igi wọ̀nyẹn. Òyà sá lọ. Ọta kò rí igi dì mú, ó bá tirẹ̀ lọ, ó lọ bá agboòrùn tísà Pius, ará òkè tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá, tó jókòó jẹ́jẹ́ sínú ọkọ̀ tó ń gbé e lọ síléèwé. Agboòrùn náà lu tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn lè fi sẹ́ gààrí. Tísà fò sínú omi tòun ti táì ọrùn rẹ̀, ìgbà náà ni gbogbo ayé tó mọ̀ pé kò mọ̀ ọ́n wẹ̀.

Àwọn àgbà wá ṣòfin: ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yìnbọn níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ké pé, "Ẹnìkan wà níbẹ̀ o?" kó sì dúró gbọ́ èsì. Òfin dára, ṣùgbọ́n àwọn ẹran mọ̀ ọ́n ṣáájú àwọn ọmọ wa. Bí ọdẹ bá ti la ẹnu báyìí, òyà ti délé, ó ti ń sọ fún ìyàwó rẹ̀. Àwọn ọdẹ sọ ara wọn di apẹja. Ọlálẹ́yẹ náà ń dẹ ìgèrè.

Ibi tọ́rọ̀ wà nìyí tí Olówòkéré fi kú. Kó tó kú, ó ti sọ fún àwọn ẹbí rẹ̀ pé òun ti jẹ ẹja tó láyé. Ọkọ àkọ́bí òun ni kó gbé àgbọ̀nrín wá sí ìsìnkú òun, tòun ti orí àti ìwo rẹ̀, èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ pa, kì í ṣe èyí tó rà. Àkọ́bí náà ni Àrìnpé, ìyàwó Ọlálẹ́yẹ. Nínú ẹbí wọn, ọmọ tí ọkọ rẹ̀ kò bá ṣe ojúṣe rẹ̀ nídìí òkú, ẹ̀yìn àwọn àbúrò rẹ̀ ló ń jókòó sí nígbà tí wọ́n bá ń pín ẹrù bàbá. Ibi tó bá sì jókòó sí lọ́jọ́ náà, ibẹ̀ ni yóò máa jókòó sí nínú ilé bàbá rẹ̀ títí ayé.

"Lawrence ti ní màlúù lòun ń gbé bọ̀," ni Àrìnpé wí. Moríkẹ́ àbúrò rẹ̀ ni Lawrence fẹ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní kọ́ńpìnnì epo. "Inú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ni yóò gbé e sí. Ẹ wá fẹ́ kí n jókòó sẹ́yìn Moríkẹ́? Moríkẹ́ tí mo pọ̀n títí tó fi tọ̀ sí mi lára di ọmọ ọdún mẹ́ta?"

"O kò ní jókòó sẹ́yìn ẹnìkankan."

"Ẹnu lẹ fi ń sọ ọ́. Ìbọn ńkọ́?"

Ó ń jáde lójoojúmọ́, ó ń padà lásán. Àfi ọjọ́ tí ìsìnkú ku ọ̀la. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, ìkuukùu bo omi bí aṣọ funfun. Ó ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́ láàárín àwọn kùkùté, ló bá rí i. Akọ àgbọ̀nrín ni, ó dúró lórí òkìtì ẹrẹ̀ kan, ó ń já koríko jẹ. Ìwo rẹ̀ tó ohun tí ìdílé kan lè sá aṣọ ọ̀sẹ̀ kan sí. Ẹni tó bá ju òkúta kò lè tàsé rẹ̀.

Ọlálẹ́yẹ gbé ìbọn sí èjìká. Ojú rẹ̀ sì lọ sẹ́yìn ẹran.

Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Tàbí kẹ̀, kò rí nǹkan kan. Funfun ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà lọ sí Abereke wà nínú funfun yẹn. Ibẹ̀ náà ni àwọn obìnrin ti ń ṣa ìṣáwùrú nígbà tí omi bá fà.

"Jọ̀ọ́, sún sósì," ó ń bẹ ẹran nínú ọkàn rẹ̀. Kùkùté abùrà ńlá kan wà lápá òsì tó lè gba ọta dúró. Àgbọ̀nrín gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ó sún sọ́tùn-ún.

Òfin ni òfin. Ọlálẹ́yẹ ké e, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń jí ọmọ tí kò fẹ́ kó jí ló ṣe ké e: "Ẹnìkan wà níbẹ̀ o?"

Àgbọ̀nrín gbórí sókè, ó wò ó, ó padà sídìí koríko rẹ̀. Ó jọ pé àlejò ni, kò tíì gbọ́ nípa òfin. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún ké e, ó gbé ohùn sókè ju tàkọ́kọ́ lọ. Kẹ́kẹ́ pa. Ẹran ń jẹun. Àwọn àgbà kò lè dá a lẹ́bi mọ́. Ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

Ìgbà náà ló rántí Màmá Rhoda. Odi ni ìyá arúgbó náà láti kékeré, etí rẹ̀ sì di, ọwọ́ ni gbogbo àdúgbò fi ń bá a sọ̀rọ̀. Kò sí ibi tó fẹ́ràn láti ṣa ìṣáwùrú ju ẹ̀yìn òkìtì yìí lọ. Bí ààrá bá pè é lórúkọ, kò ní jẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ ibi tí kò sí ẹnìkan àti ìdákẹ́jẹ́ Màmá Rhoda, ọ̀kan náà ni wọ́n létí ọdẹ.

Ó sọ ìbọn kalẹ̀. Ó rántí Àrìnpé, ó gbé e sókè. Ó tún sọ ọ́ kalẹ̀.

"Bàbá," ó ń bá òkú sọ̀rọ̀, "ẹran yín rè é o. Ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́?"



Ó ní kóun ti ọkọ̀ yípo lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí òun á ti rí kùkùté náà lẹ́yìn ẹran. Ọkọ̀ kò mira. Omi ti fà nígbà tó ń ṣe iyèméjì lọ́wọ́, ọkọ̀ ti jókòó sórí ẹrẹ̀. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, ẹrẹ̀ á mu ún dé ìbàdí. Ó wá jókòó síbẹ̀, ó gbé ìbọn lé itan, ó ń wo ẹran àna rẹ̀ bó ṣe ń jẹun, bí ẹni tí wọ́n pè síbi àsè tí wọ́n so lọ́wọ́. Ó ń gbàdúrà kí ìkuukùu ká. Ìkuukùu kò ká. Àgbọ̀nrín jẹ, ó yó, ó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn họ etí, ó sì wọ inú funfun náà lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ìjòyè.

Kò pẹ́ sígbà náà ni oòrùn yọ. Ìkuukùu ká bí ìgbà tí wọ́n fa aṣọ ojú fèrèsé. Ọlálẹ́yẹ wo ẹ̀yìn òkìtì. Omi. Ẹrẹ̀. Òkú igi. Kò sí Màmá Rhoda, kò sí ọkọ̀, kò sí ipa ẹsẹ̀ ẹyẹ.

Ó dúró títí omi fi kún wá gbé ọkọ̀ rẹ̀.

Àrìnpé ti dúró dè é lórí afárá pákó. Ó wo inú ọkọ̀.

"Kò sí?"

"Ó wà. Mo rí i. Akọ ni."

"Ẹ tàsé?"

"N kò yìn."

Ọmọ ọdẹ ni Àrìnpé, ó mọ ohun tí wọ́n ń bèèrè. "Kí ló wà lẹ́yìn rẹ̀?"

"Ìkuukùu. N kò rí nǹkan."

"Nígbà tó ká ńkọ́?"

Ọlálẹ́yẹ wo ilẹ̀. "Kò sẹ́nìkan."

Àrìnpé tún wo inú ọkọ̀ náà. "Kí ni n ó wá sọ fún wọn? Pé ọkọ mi dá ẹ̀mí ẹni tí kò sí níbẹ̀ sí?"

Àrìnpé kò bínú. Ó wọlé, ó lọ kó ẹja gbígbẹ tó dára jù lọ lórí àjà.

Lọ́jọ́ kejì, màlúù Lawrence gúnlẹ̀, ó ń ké tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹja inú omi fi dìde dúró. Jọọlá, olórí ẹbí, wo agbọ̀n ẹja Ọlálẹ́yẹ, ó yẹ abẹ́ rẹ̀ wò.

"Àna àgbà, àgbọ̀nrín wa dà? Àbí ó ń wẹ̀ lọ́wọ́ ni?"

"Mo rí i, bàbá. Ìkuukùu ni."

"Ìkuukùu! Ẹ gbọ́ o, ìkuukùu ni wọ́n ní ká fi se ọbẹ̀!"

Agboolé rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọdé ń fò sókè. Ọlálẹ́yẹ fẹ́ ṣàlàyé nípa ìyá odi, nípa ọ̀nà Abereke, nípa ohun tí olóògbé fúnra rẹ̀ fi kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wọn ga ju ohùn rẹ̀ lọ.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ nǹkan kan, Àrìnpé ti gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó gbé e lọ sẹ́yìn Moríkẹ́, ó jókòó. Moríkẹ́ fẹ́ dìde fún un, Jọọlá ní kó jókòó. Wọ́n pín aṣọ bàbá. Wọ́n mú èyí tó dára fún Moríkẹ́, wọ́n mú èyí tó ti gbó lápá fún Àrìnpé. Ó na ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó kúnlẹ̀, ó ní wọ́n ṣeun.

Ọlálẹ́yẹ dúró láàárín àwọn àna, kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí.