Fayge Ò Ní Ìbéèrè

Tí ẹ bá wá wo sinimá ní gbọ̀ngàn àwọn Júù ní Winnipeg, ẹ ò lè wọlé kí Fayge Rubinlicht má rí yín. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi jókòó sórí àga onígi kan lẹ́nu ọ̀nà, tó ń ya tíkẹ́ẹ̀tì, tó sì ń bá tọmọdé tàgbà wí. "Gbọn yìnyín kúrò ní bàtà ẹ, àbí inú abà ni wọ́n bí ẹ sí?" "Kóòtù ẹ ò ra tíkẹ́ẹ̀tì, má fi gba àga mẹ́ta." Nígbà tí Motl ọkọ rẹ̀ kú, ó fi ọjọ́ méje jókòó ọ̀fọ̀ nílé. Lọ́jọ́ kẹjọ, ó ti padà sórí àga rẹ̀. Ó ní, "Ilé yẹn dákẹ́ jù. Níbí, ó kéré tán, ẹnì kan á bá mi jà."

Èmi ni mo ń tan ẹ̀rọ sinimá lókè, torí náà mo mọ àléébù rẹ̀. Bí fíìmù bá parí, tí àlejò bá jókòó láti gba ìbéèrè, ọwọ́ Fayge ni máìkì kọ́kọ́ ń dé, kì í sì í fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀jọ̀gbọ́n kan wá láti Montreal. Fayge ní, "Ọ̀nà mẹ́rin ni ìbéèrè mi pín sí," ó sì fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sọ̀rọ̀ láìbéèrè ohunkóhun. Bàálù gbéra, ó fi ọ̀jọ̀gbọ́n sílẹ̀.

Ni Sheldon Wexler, alága wa, bá ṣòfin fún un lọ́dún yìí. "Màmá, ẹ dákun. Tí ẹ bá fọwọ́ kan máìkì, màá gba àga ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́ yín. Mo búra."

"Má búra, kò dáa kí Júù máa búra. Mo ti gbọ́."

Ẹ̀rù bà á, mo rí i lójú rẹ̀. Àga yẹn nìkan ló kù tó ń mú un jáde nílé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, fíìmù Talia Bernfeld ló kàn. Ọ̀dọ́bìnrin ni, Toronto ló ti wá. Ó kó ohùn àti àwòrán àwọn ìyá àgbà tó la ogun já ní Poland jọ. Yídíṣì, èdè àwọn Júù ilẹ̀ Yúróòpù, ni wọ́n ń sọ, Talia fúnra rẹ̀ ló sì kọ ìtumọ̀ sísàlẹ̀ àwòrán. Ọ̀kan nínú wọn ni olóògbé Brukha Glazman, tó gbé ọmọ ọwọ́ jáde ní Poland, tí kò sọ ẹni tí bàbá ọmọ náà í ṣe títí tó fi kú.

Irvin lọmọ náà. Ó ti pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu oògùn títà. Kò gbọ́ Yídíṣì, ìyá rẹ̀ ò kọ́ ọ. Kì í wá sọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó wá, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, nítòsí Fayge.

Nínú fíìmù, wọ́n bi Brukha pé kí ló mú jáde ní Poland. Ó wo ìka ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Mayn zin. Nor mayn zin." Ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ ni: Ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìkan.

Gbogbo gbọ̀ngàn mí kanlẹ̀. Nígbà tí fíìmù parí, tí mo tan iná, Talia àti àlejò mìíràn tó bá a jókòó níwájú fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ṣẹ̀ obìnrin náà, bí ẹni pé wọ́n jọ dá a ni. Èmi náà ń mi orí lókè, bí òmùgọ̀.

Irvin dìde, ó ń wọ kóòtù. Fayge di apá aṣọ rẹ̀ mú. Fayge fúnra rẹ̀ ló sọ èyí fún mi lẹ́yìn náà.

"Irvin, irọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọmọ mi ni ìyá ẹ wí. Ọmọ mi ọkùnrin."

"Anti Fayge, ẹ má tù mí nínú. Yunifásítì lọmọ tó ṣe fíìmù yẹn ti kọ́ èdè. Látìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń rò ó pé ìtìjú ni mo jẹ́ fún ìyá mi. Ó kúkú ti fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́."

"Jókòó."

"Mò ń lọ."

"Mo ní kí o jókòó!"

Fayge bojú wo àga rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọrí síwájú. Bí wọ́n ṣe rí i, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé, "Ó tún ti dé o!"

Sheldon sáré pàdé rẹ̀. "Màmá, àdéhùn wa ńkọ́?"

"Mi ò gbàgbé. Gbé máìkì wá. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Brukha ti kú, kò lè sọ tiẹ̀." Ó gba máìkì. "Mi ò ní ìbéèrè." Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tó wà lókè, dá a padà síbi Brukha. Bo ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ yẹn, etí ni mo fẹ́ kí wọ́n lò."

Mi ò wo ojú Sheldon. Mo ya ọmọrí páálí kéèkì olóyin tí mò ń jẹ, mo fi dí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ nísàlẹ̀. Ojú Brukha nìkan ló kù.

"Mayn zin. Nor mayn zin."

"Ṣé ẹ gbọ́ d kankan níparí ẹ̀?" ni Fayge bi wọ́n. "Zind ni ẹ̀ṣẹ̀. Zin lọmọkùnrin, lẹ́nu àwa tí ilé wa ti Ozorków ní Poland wá. Àdúgbò kan náà ni ìyá mi àti Brukha ti dàgbà."

Talia fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Zun ni wọ́n kọ́ wa pé ọmọkùnrin ń jẹ́. Ẹ̀bi mi ni. Màá tún un kọ lónìí."

Bàbá kan pariwo láti ìlà kẹta: "Zun náà ló dáa! Ẹ̀yin ará Poland lẹ ba èdè jẹ́!"

"Panu mọ́, ará Lithuania!" ni Fayge wí.

Gbogbo ilé fẹ̀rín sí i. Bí Ìjẹ̀ṣà àti Ọ̀yọ́ ni wọ́n rí, wọn kì í gbà fún ara wọn.

Irvin ṣì dúró lẹ́yìn, apá kan nínú kóòtù, apá kan níta. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe."

Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sẹ́ni tó tú bébà suwíìtì. Lẹ́ẹ̀kẹrin, bí Brukha ṣe ní "mayn zin", Irvin, àgbàlagbà bàbá yẹn, dá a lóhùn: "Màmá, èmi nìyí."

Mo sunkún, mi ò ní purọ́. Bí mo ṣe ń nu ojú, páálí yẹ̀, ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ yẹn yọjú, kò sẹ́ni tó kà á.

Sheldon gba àga náà lóòótọ́, torí ó ti búra. Irvin ló gbé e fún. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Irvin jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó sì gbé àga kejì wá láti ilé rẹ̀ fún Fayge.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọn yìnyín kúrò ní bàtà yín," ni Irvin ń wí.

"Kò le tó," ni Fayge wí. "Tún un sọ."