Bàtà Bàbá Mi Lára Ògiri

Lọ́dún tí a gba òmìnira, kòkó so dáadáa fún ọkùnrin tó ń gbé òdìkejì ilé wa ní Òrè. Ó pe ayàwòrán kan wá láti Òkìtìpupa pé kó ya òun sára ògiri ilé òun. Ayàwòrán náà yà á síbi tó ti nà gbalaja lórí àga ìrọ̀gbọ̀kú, rédíò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kò ní rédíò, kò sì ní àga. Lójoojúmọ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó ti gba ọ̀nà oko lọ.

Káfíńtà ni bàbá mi. Irú àga yẹn gan-an ló ń kàn. Nígbàkígbà tó bá ṣí fèrèsé, ẹni tí kò ra àga lọ́wọ́ rẹ̀ rí ló máa ń rí tó ń gbádùn lórí rẹ̀. Kó tó di pé ayàwòrán kúrò nílùú, bàbá mi pè é. Ó ní kó ya òun nínú aṣọ funfun tí àwa Aládùúrà ń wọ̀ lọ sílé àdúrà, lórí àga tó tóbi ju ti òdìkejì lọ, kó sì wọ bàtà dúdú tó ń dán sí òun lẹ́sẹ̀.

Ìyá mi wo àwòrán náà títí. "Bàbá àwọn ọmọ, ta ló ń wọ bàtà sí aṣọ àdúrà?"

"Ara ògiri ni mo wà. N kò sí nílé àdúrà."

Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn alàgbà wá. Bàbá mi ló ń gbé àgbélébùú ṣáájú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi, kò sì sí iṣẹ́ tó fẹ́ràn tó o. Wọ́n ní bí bàtà bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹlòmíràn ni yóò gbé e.

Ayàwòrán ti lọ. Bàbá mi fi ọ̀bẹ ha ògiri, ọ̀dà kò ṣí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, aládùúgbò wa sọdá pẹ̀lú agolo kékeré àti búrọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀dà tí ayàwòrán fi kun àga mi ló ṣẹ́kù. Ẹ jẹ́ kí n bá yín bọ́ bàtà."

"Ìwọ tó o ti ń sinmi látọjọ́ yìí, o lè dìde?"

"Ẹ̀yìn ló ń ro mí. Àga yẹn le."

Ó kúnlẹ̀, ó kun bàtà náà, ó sì ya ìka ẹsẹ̀ sí i. Mẹ́fà ló yà sí ti òsì. Bàbá mi kà á, ó ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, bàbá mi gbé àgbélébùú kọjá níwájú ilé wa láìwọ bàtà, kò wo ògiri. Lọ́jọ́ Ajé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan àga kan tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ pé kó kàn, òun fúnra rẹ̀ ló sì gbé e sọdá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí aládùúgbò wa lórí rẹ̀: oorun ló gbé e lọ, tòun ti àdá lọ́wọ́.

Wọ́n wó ilé méjèèjì nígbà tí títì ńlá dé. Bí mo bá kọjá níbẹ̀, ẹsẹ̀ òsì yẹn ni mo máa ń wá.