Ìtàn Mẹ́ta Ni Ẹ̀wà Dúdú Fi Ń Jinná

Lọ́jọ́ tí agolo wàrà bú gbàmù nínú ìkòkò Bàbá Ó-Rọrùn, abẹ́ ibùsùn ni wọ́n ti fa Ìyá Onílé jáde. Káfíńtà tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ló gbé ibùsùn náà sókè, àwọn méjì sì di obìnrin náà lẹ́sẹ̀ mú, wọ́n ń fà á bọ̀ bí ẹni ń fa gbòǹgbò igi. Kó tó jáde tán ló ti ń pariwo.

"Ta ni wọ́n yìnbọn fún? Ṣé ó kú?"

"Kò sí ìbọn kankan, Ìyá Onílé," Bàbá Ó-Rọrùn dáhùn láti ìsàlẹ̀ àkàsọ̀, wàrà gbígbóná tó ti pọ́n ń kán láti orí fìlà rẹ̀ sí èjìká. "Ohun dídùn ni. Àwọn ará Bùràsíìlì ló máa ń sè é. Ó rọrùn!"

Gbólóhùn yẹn ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ogún ọdún ló fi ṣe kúùkù nínú ọkọ̀ òkun. Nígbà kan, ọkọ̀ wọn bàjẹ́ sí èbúté kan ní Bùràsíìlì, wọ́n sì jókòó síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá gbáko. Ibẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ìyá arúgbó kan tó ń dáná fún àwọn atukọ̀. Ìyá yẹn kò ní aago, orin ló fi ń wọn iná. Ẹja inú omi àgbọn, orin méjì. Ìrẹsì, orin kan àtààbọ̀. Bàbá Ó-Rọrùn kò sì lè kọrin, ohùn rẹ̀ dà bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró láti ọjọ́ tí wọ́n ti kàn án. Ló bá fi ìtàn rọ́pò orin. Tó bá gbé ìkòkò kaná, ìtàn bẹ̀rẹ̀. Tí ìtàn bá parí, oúnjẹ ti jinná. Ìtàn ìjì ló fi ń se ẹja, ìtàn bàtà ọ̀gá ọkọ̀ tó bọ́ sómi ló fi ń se ìrẹsì. Kò sí wàhálà níbẹ̀, àfi òfin kan ṣoṣo: bí ẹnikẹ́ni bá dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, àfi kó tún ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Iná kò mọ òfin yẹn.

Bí ti agolo wàrà ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Wàrà aládùn tó ki, wọ́n á fi omi bò ó mọ́lẹ̀ nínú ìkòkò, wọ́n á sè é títí á fi pọ́n bí oyin. Omi ò gbọdọ̀ gbẹ lórí ẹ̀. Ìtàn kan péré ni. Ṣùgbọ́n Ìyá Onílé yọrí láti òkè, ó ní, "Ta ló ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ o?" Bàbá dá a lóhùn, ó tún ìtàn bẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà tún yọrí: "Mo ní ta ni?" Bàbá tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó máa yọrí lẹ́ẹ̀kẹta, omi ti gbẹ, agolo ló sì dá a lóhùn.

"Ẹ̀yin gan-an lẹ yìn ín," ni Bàbá Ó-Rọrùn wí fún un.

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, àfi Aránṣọ, ọmọbìnrin Bàbá Ó-Rọrùn. Aránṣọ rí ìka kan tí Ìyá Onílé nà sókè. "Ọ̀kan rèé. Tó bá pé mẹ́ta, tẹrù tẹrù lẹ máa jáde nílé mi." Yàrá iwájú tí wọ́n ń gbé kọjú sí títì. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà, ibẹ̀ ni àwọn oníbàárà mọ̀ ọ́n sí láti ọdún mọ́kànlá. Bí wọ́n bá lé e kúrò níbẹ̀, ta ló máa wá a lọ sí kọ̀rọ̀?

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ ò ti balẹ̀ mọ́. Ó gbé korobá omi sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ, ó ń fi etí gbọ́ ìkòkò. Nígbà tí ẹ̀rù pàpà wọ̀ ọ́ lára, ó rán apá aṣọ ìyàwó kan mọ́ ibi ọrùn.

"Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ra aago kan sídìí sítóòfù."

"Aago?" Bàbá wò ó bí ẹni pé ó sọ̀rọ̀ òdì. "Ṣé aago ti jẹ ẹja rí ni?"

Ìka kejì kò pẹ́ tó fi nà. Bàbá gbèrò láti ṣe búrẹ́dì róbótó-róbótó kan tó jẹ́ pé wàràkàṣì àti sítáàṣì pákí ni wọ́n fi ń pò ó. "Ó rọrùn! Gbé wàrà àti òróró kaná, dà á gbígbóná lé sítáàṣì lórí, fi ẹyin àti wàràkàṣì sí i, pò ó, yí i bíi bọ́ọ̀lù, kó o tì í sínú ààrò." Àmọ́ sítáàṣì tán ní ṣọ́ọ̀bù. Aránṣọ ti lọ wọn oníbàárà kan nílé, Bàbá sì rántí pé agolo sítáàṣì ńlá kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọmọ òun. Sítáàṣì pákí ni lóòótọ́. Òun ni Aránṣọ fi ń mú kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì gan, ó sì ti po búlúù ìfọṣọ mọ́ ọn kí aṣọ funfun lè tàn.

Nígbà tí Aránṣọ wọlé, búrẹ́dì wà lórí páànù tó ń gba mẹ́rìnlélógún, wọ́n rí róbótó, wọ́n sì búlúù bí ojú ọ̀run. Mẹ́rìndínlógún... ó tún un kà. Méjìdínlógún ló kù.

"Bàámi, mẹ́fà ńkọ́?"

"Ìyá Onílé ló jẹ ẹ́. Ó lóun ń lọ sípàdé àwọn onílé, ebi sì ń pa á. Ó gbádùn ẹ̀ gan-an ni."

Àyà Aránṣọ já wálẹ̀ bí ìgbà tí òwú já lẹ́nu abẹ́rẹ́. Ní ìpàdé yẹn, Ìyá Onílé ló fẹ́ sọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ó dìde, ó le ojú koko, ó la ẹnu. Ahọ́n, eyín, ètè, búlúù ni gbogbo ẹ̀. Alága bẹ̀ ẹ́ kó rọra jókòó, wọ́n sì ránṣẹ́ pe nọ́ọ̀sì.

Ìka méjì ló kọ́kọ́ wọlé nígbà tó dé, kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé.

"Ẹ fara balẹ̀, Ìyá Onílé," Bàbá Ó-Rọrùn wí. "Ní Bùràsíìlì, àwọn ọlọ́rọ̀ nìkan ló ń jẹ oní-búlúù."

Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í wá yàrá kiri. Ó rí ọ̀kan tí kò ní fèrèsé. Ó rí òmíràn nítòsí ilé ìlọta, ariwo ibẹ̀ pọ̀ débi pé ó bi onílé léèrè iye owó yàrá, ọkùnrin náà sì sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún un. Ìgbà tó ti ibẹ̀ dé, tí orí ń fọ́ ọ, ni baba rẹ̀ ní, "Mo ti pe Ìyá Onílé wá jẹun lọ́jọ́ Sátidé. Màá fi bẹ̀ ẹ́."

"Ẹ ti ṣe kí ni?"

"Ẹ̀wà dúdú! Rẹ ẹ̀wà mọ́jú, rẹ ẹran oníyọ̀ lọ́tọ̀, pààrọ̀ omi rẹ̀, kó o wá gbé gbogbo wọn kaná pẹ̀lú àlùbọ́sà, aáyù àti sọ́séèjì. Ìtàn mẹ́ta. Ó rọr..."

"Bàámi, ẹ má sọ ọ́!"

Ìyá Onílé dé lọ́sàn-án Sátidé, ó jókòó sórí àga oníbàárà, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Aránṣọ fẹnu mọ́ etí rẹ̀. "Ìyá, ẹ dákun, ẹ má bèèrè nǹkan kan títí wọ́n á fi sè é tán."

"Ẹnu mi ni. Ilé mi ni."

Ìtàn kìíní lọ ní tirẹ̀. Èkejì lọ. Ìtàn kẹta ni ti ayékòótọ́ kan nínú ọkọ̀ òkun, tó mọ gbogbo àṣírí ọ̀gá ọkọ̀, tí ọ̀gá sì ń wá ọgbọ́n tí yóò fi pa á lẹ́nu mọ́. Ibi tí ẹyẹ náà ti la ẹnu láti sọ̀rọ̀ níwájú àwọn aṣọ́bodè ni Ìyá Onílé ti ní:

"Akọ ni ẹyẹ náà àbí abo?"

Bàbá mí kanlẹ̀. Ó tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n pa ẹyin ẹyẹ náà. Aránṣọ dúró sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú kẹ́túlù omi gbígbóná. Gbogbo ìgbà tí ìtàn bá ti padà sẹ́yìn, á bu omi díẹ̀ sínú ìkòkò. Ìyá Onílé bèèrè àwọ̀ ìyẹ́ ẹyẹ náà. Ó bèèrè bóyá ọ̀gá ọkọ̀ níyàwó. Ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n pa ẹyin yẹn lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà dúdú kì í ṣe agolo wàrà: bó ti ń pẹ́ lórí iná ló ń dára sí i. Nígbà tó jinná, omi rẹ̀ ti ki, ẹran ti ń já fúnra rẹ̀. Bàbá pa iná, ó sì panu mọ́ lẹ́sẹ̀ kan náà.

Wọ́n bù ú lé ìrẹsì lórí, wọ́n gé ọsàn tì í. Ìyá Onílé jẹ ẹ́. Aránṣọ ń wo ìka ọwọ́ rẹ̀, ó ń wò ó bóyá ẹ̀kẹta á nà. Nígbà tó yá, obìnrin náà gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Kí ni ayékòótọ́ yẹn wá sọ?"

"Ẹ̀wà ti jinná," ni Bàbá wí. "Ìtàn kì í kọjá ìkòkò."

"Ẹ má ṣe mí báyìí! Ẹ parí ẹ̀!"

"Ó di Sátidé tó ń bọ̀."

Ọdún mẹ́rin ni Sátidé yẹn fi ń bọ̀. Aránṣọ sì ti fi ọkàn ara rẹ̀ gbà pé ọjọ́ tí ìtàn ẹyẹ náà bá parí ni wọ́n máa jáde nílé. Òun tó ń bẹ ènìyàn kó má bèèrè ọ̀rọ̀, òun náà ló wá ń dá ọ̀rọ̀ mọ́ baba rẹ̀ lẹ́nu báyìí. Bí ẹyẹ bá ti fẹ́ la ẹnu, á ké mọ́ ọn: "Bàámi, ṣé iyọ̀ tó?" Bàbá á mí kanlẹ̀, wọn á sì tún ẹyin pa.

Ẹ̀yìn náà ni àìsàn dé. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni, kò tilẹ̀ jẹ́ kí Bàbá gbé ìkòkò kaná mọ́. Wọ́n sin ín, èrò wá, èrò lọ. Sátidé kan kọjá, Ìyá Onílé kò sọ̀ kalẹ̀. Èkejì kọjá. Aránṣọ rántí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà: ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọfẹ́; àńjọfẹ́ kú, a ò rẹ́nìkan. Ó kó òwú sínú páálí. Ó di àwo, ó di ìkòkò, ó ta okùn mọ́ ọn. Ó sàn kó fúnra rẹ̀ lọ ju kí wọ́n nàka sí i lọ.

Sátidé kẹta, ó gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àkàsọ̀. Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyá Onílé wọlé, ó gbé ìkòkò kan tí ó fi aṣọ wé mọ́yà.

"Aránṣọ, kí ni gbogbo páálí yìí?"

"Mo ní kí n tètè palẹ̀ mọ́ ni, mà, kẹ́ ẹ tó sọ ọ́."

"Kí n tó sọ kí ni?"

Omi ti lé sójú Aránṣọ. "Mi ò mọ ibi tí ìtàn ẹyẹ yẹn parí sí, mà. Bàámi ò sọ ọ́ fún mi."

Ìyá Onílé gbé ìkòkò sórí tábìlì ẹ̀rọ. "Ẹyẹ wo? Kò sí ẹyẹ kankan. Ọ̀sẹ̀ kejì ni bàbá ẹ ti jẹ́wọ́ fún mi. Ó lóun ò rí ayékòótọ́ nínú ọkọ̀ òkun rí láyé òun, ọmọ òun ló ń páyà, òun sì ń wá nǹkan tí òun máa fi dá mi dúró."

"Ẹ wá ń bèèrè ọ̀rọ̀ ẹyẹ fọ́dún mẹ́rin?"

"Tí mi ò bá bèèrè, ẹ̀wà á tètè jinná, màá sì gòkè lọ." Ó tọ́ka sí àkàsọ̀. "Ta ló wà lókè?"

Aránṣọ súnmọ́ tábìlì. Ó ṣí ìkòkò náà, ó fi ìka mú hóró ẹ̀wà kan sẹ́nu. Ó ró kàù lábẹ́ eyín rẹ̀.

"Ìyá, ṣé ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú?"

"Ṣé wọ́n tún máa ń rẹ ẹ́ ni?"

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bú jáde lẹ́nu Aránṣọ. Ó bú lẹ́nu Ìyá Onílé náà. Wọ́n rín in títí wọ́n fi di ara wọn mú, títí tí kò fi jọ ẹ̀rín mọ́, tí ọ̀kan ń fi ìborùn nu ojú èkejì.

"Wá àwo fún wa," Ìyá Onílé wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Líle náà la máa jẹ ẹ́."

Inú páálí ni àwo wà. Aránṣọ kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn rẹ̀.