Àbúrò Amùjẹ̀ ní Pálọ̀ Wa

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ó di ọjọ́ kejì ìdúpẹ́ tí a ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìnkú bàbá mi. Àwa tí a ti ìlú ńlá wálé sí Òsì kò tíì padà. Lọ́sàn-án, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n ní kí n wá nǹkan tí a máa wò. Mo fẹ́ràn sinimá àtijọ́, ọ̀kan sì wà nínú fláàṣì mi: dúdú àti funfun, apá kejì. Ní apá kìíní, wọ́n ti fi igi gún ọkùnrin kan tó ń jí nínú pósí, tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ará ìlú. Ní apá kejì, àbúrò rẹ̀ obìnrin wá sin ín. Obìnrin náà kò mu ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni rí. Àmọ́ ọmọ kan kú nílùú, gbogbo wọn bá kọjú ìjà sí i.

Mo ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ fún wọn bó ṣe ń lọ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, nìkan ni kò sí nínú pálọ̀. Orí àpótí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n jókòó sí, tí wọ́n ń yọjú wò ó. Láti ìgbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti kú, tí wòlíì kan sì ní ará ilé ló mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, Ìyá kì í wọ pálọ̀ mọ́. Ọbẹ̀ tí Ìyá bá sè, dídànù ni. Omi àmù tí wọ́n ń bù fún ẹni tó bá ti ọ̀nà jíjìn dé, ẹni náà á gbà á, á gbé e sílẹ̀ láì mu ún. Bẹ́ẹ̀, ibà ló pa ọmọ náà! Dókítà kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ̀yìn obìnrin yìí ni gbogbo wa ti dàgbà.

Nínú sinimá, ará ìlú ń gbẹ́ igi tí wọ́n fẹ́ fi gún obìnrin náà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún.

"Ẹ fi í sílẹ̀ o! Kí ló fi ṣe yín?"

Mo pa tẹlifíṣọ̀n náà.

"Ẹ ń sunkún òyìnbó! Ta ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn? Ojú kò tì yín?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Sinimá nìyẹn. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

"Ìgbà wo ni Ìyá ké? Orin ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń kọ!"

Ohùn Ìyá ló ti ẹnu ọ̀nà wá.

"Ọmọ mi, tàn án padà. Mo fẹ́ mọ ibi tó já sí."

Mo lọ bá wọn, mo kúnlẹ̀. "Ìyá, ẹ dìde. Ẹ̀gbẹ́ mi lẹ máa jókòó sí."

Wọn ò dìde. Wọ́n wò mí títí.

"Ọjọ́ tó o dé, mo bu omi fún ọ. O ní o ti mu píọ̀ wọ́tà nínú mọ́tò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"O tún lọ ra òmíràn ní ìsọ̀ iwájú ilé. Ùwọ náà. Mo rí ọ."