Ọpọlọ Ọkọ̀ Ìyá Olùkọ́

Ìlara ni mo ṣe. Mi ò ní wá orúkọ tó dùn ju bẹ́ẹ̀ lọ fún un.

Abẹ́ ọ̀gá kan náà ni èmi àti ọ̀gbẹ́ni yìí ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ìkọ̀lé, ọdún kan náà la sì gba òmìnira. Èmi dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ní Ìdó, òun gba Èkó lọ. Ọdún bíi mẹ́fà lẹ́yìn náà ló padà dé, ó sì pàgọ́ sí òdìkejì títì, ní iwájú ṣọ́ọ̀bù mi gan-an. Ohun tó kó bọ̀ láti Èkó kò ju àpótí kékeré kan lọ, tó ní okùn, tó ní ojú tó ń tàn bíi ti fóònù. Á ki okùn yẹn bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, á dúró díẹ̀, á sì sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀. Aṣọ rẹ̀ kì í dọ̀tí. Èmi tí mo ti fi ẹ̀yìn mọ gbogbo òkúta ilẹ̀ Ìdó, àwọn èèyàn wá ń wò mí bí ẹni tí kò dé ilé ìwé.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa. Mo ní ohun ìṣeré ọmọdé ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ẹni tó bá mọṣẹ́, etí ló fi ń gbọ́ ẹ̀rọ. Bẹ́ẹ̀ a ti búra. Ọmọ ilé Ògún ni ọ̀gá wa. Èmi jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà, òun jẹ́ ọmọ Áńgílíkà, síbẹ̀ lọ́jọ́ òmìnira, àwa méjèèjì fi ètè kan sípánà ńlá ọ̀gá. A ní bí ẹnì kan nínú wa bá bá àṣìṣe ẹnìkejì lára ọkọ̀, etí ẹni tó ṣe é ni yóò gbọ́ ọ, etí ọlọ́kọ̀ kò ní gbọ́ ọ. Mo wá ń sọ fún ara mi pé bíbú ẹ̀rọ ọwọ́ èèyàn kò sí nínú ìbúra yẹn. Kò sí agbẹjọ́rò tó gbọ́n tó mi nígbà tí mo bá ń gba ara mi sílẹ̀.

Ìyá Olùkọ́ ni oníbàárà mi àkọ́kọ́. Àwọn ni ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ kan ní Orin, Ìdó ni wọ́n sì ń gbé. Láti ìgbà ọkọ̀ wọn àtijọ́, tí káríbúrétọ̀ ń gbé epo fún, ni mo ti ń tọ́jú ọkọ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n wá ra tòkunbọ̀ tó ní ọpọlọ, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń darí ẹ́ńjìnnì, mi ò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà mí. Bí wọ́n bá fi mí sílẹ̀, gbogbo olùkọ́ tó ń wo ẹnu wọn á tẹ̀lé wọn, ọ̀nà náà kò sì jìn: wọ́n á kàn sọdá títì.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, sàlẹ́ńsà, páìpù èéfín abẹ́ ọkọ̀ náà, já. Mo pe wẹ́dà, ó jó o pọ̀ lójú mi, bí a ti ń jó ti gbogbo ọkọ̀ láti ìgbà ọ̀gá wa. Nígbà tí mo tan ọkọ̀, ó jí, ó wúkọ́ bí ẹni tí omi há lọ́fun, ó sì kú. Mo pààrọ̀ plọ́ọ̀gì. Mo pààrọ̀ pọ́ǹpù epo. Mo tú u, mo dè é, ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Ọ̀kadà ni Ìyá Olùkọ́ ń gùn lọ sí Orin nínú òjò.

Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ẹrẹ̀ dé orúnkún wọn.

“Ẹ jẹ́ n lo ọjọ́ kan sí i, mà,” ni mo wí.

“Ọjọ́ kan tí o gbà lánàá ń kọ́? Lọ pe ọmọkùnrin òdìkejì yẹn wá.”

Èmi fúnra mi ni mo lọ pè é. Títì yẹn kò gùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú uṣẹ́,” ló fi kí mi. Oṣù mẹ́ta péré ni mo fi ṣíwájú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, kò sì gbàgbé rẹ̀ rí. Ìyẹn náà ń bí mi nínú.

Ó ki okùn rẹ̀ bọ ọkọ̀. Àpótí náà kò sọ nǹkan kan. Ó ní ọpọlọ ọkọ̀ kò dá òun lóhùn. Inú mi dùn débi pé mo ní láti wo ibòmíràn. Ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀. Ó mú mítà tí wọ́n fi ń wọn iná, ó wo fíúsì, ó tọ wáyà kọ̀ọ̀kan títí dé ìdí ọpọlọ náà, níbi tí ẹsẹ̀ èrò iwájú máa ń wà.

“Uná ń dé ibẹ̀, ó sì ń rí ọ̀nà padà,” ló wí. “Ọpọlọ fúnra rẹ̀ ló kù.”

Kó tó fọwọ́ kan ọpọlọ náà, ó lọ síwájú ọkọ̀, ó tú orí bátìrì.

“Kí lo ń tú ìyẹn fún?” ni mo bi í.

“Uná tó bá ṣèèṣì gba ibi tí kò yẹ, ọpọlọ ló máa ń jó, ẹ̀gbọ́n. Bí wẹ́dà bá fẹ́ jó urin lára ọkọ̀ báyìí pàápàá, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú u.”

Kò wojú mi nígbà tó ń sọ ọ́. Mo rántí wẹ́dà lórí ìkúnlẹ̀ ní Sátidé, tí iná ń ta pàrà, tí orí bátìrì sì wà ní ìdè.

Ó ṣí àpótí ọpọlọ náà. Òórùn ohun tó jó kọlù wá, ojú kan nínú rẹ̀ sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yọjú sábẹ́ ọkọ̀, ó rí ojú iṣẹ́ wẹ́dà tó ṣì ń dán. Ó dìde, ó wò mí.

“Kí ló jó o?” Ìyá Olùkọ́ ló bèèrè, wọ́n dúró láàárín àwa méjèèjì.

Mo mọ ohun tí èmi ì bá sọ ká ní èmi ni mo wà nípò rẹ̀.

“Tòkunbọ̀ ni, mà,” ló dáhùn. “A ò mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Gbogbo èyí tó yẹ ni ẹ̀gbọ́n ti ṣe. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ máa wà lọ́dọ̀ wọn.”

Ó ránṣẹ́ sí Èkó fún òmíràn, ó ní nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu pátápátá. Nígbà tó dé, èmi ló ní kí n dè é. Bí ó ti fẹ́ tan ọkọ̀, mo gbàdúrà nínú mi pé kó má jí. Ẹ̀ẹ̀kan ló jí, iná ìkìlọ̀ ojú dáṣíbọ́ọ̀dù sì kú. Ó wé ọpọlọ tó jó náà sínú ìwé ìròyìn, ó fi lé mi lọ́wọ́.

“Ẹ fi pamọ́, ẹ̀gbọ́n.”

Ká ní ó bú mi ni, ara ì bá tù mí. Ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń jowú tẹ́lẹ̀; ẹ̀rọ, èèyàn lè rà. Ọ̀rọ̀ tó sọ lẹ́nu yẹn ni mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, sàlẹ́ńsà kan náà tún já. Mo tú orí bátìrì kí wẹ́dà tó sún mọ́ ọkọ̀. Ìyá Olùkọ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, wọ́n ń wò mí.

“Iṣẹ́ rẹ ti ń já gaara sí i,” ni wọ́n wí. “Ta ló kọ́ ọ pé kó o kọ́kọ́ tú orí bátìrì yẹn?”

Ọ̀gbẹ́ni yẹn wà ní òdìkejì títì, ó juwọ́ sí wa. Mo juwọ́ padà.

“Ọ̀gá wa ni, mà,” ni mo wí.

Ọ̀gá wa ti kú kí ọkọ̀ ọlọ́pọlọ kankan tó dé ṣọ́ọ̀bù wọn.