Ihò Tí Kò Gba Orí Ológbò

Òórùn àgbò ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, òórùn ìgbẹ́ àti koríko tútù tó gba gbogbo ọjà Alábà Rágo kan láàárọ̀ Sátidé kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Bàámi ní kí n tẹ̀lé òun lọ wo ewúrẹ́ tí a ó pa fún ọjọ́ ìbí Màámi, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò kúrò níwájú àgò kan. Ẹranko kékeré kan ló wà nínú rẹ̀, kò ní ìrù, irun rẹ̀ pọ́n láti orí dé ìdí, àyà rẹ̀ nìkan ló funfun. Ẹmọ́ òyìnbó ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí Bàámi ná ewúrẹ́ títí tí ọjà kò wọ̀, ẹranko yìí la gbé wálé. Bàámi ní pẹ̀lú àyà funfun yẹn, ó jọ ẹni tó ń lọ sípàdé àwọn olówó, ó sì sọ ọ́ ní Bọ̀rọ̀kìnní.

Òkokomáíkò là ń gbé nígbà náà. Bàámi ń kọ́ni ní yunifásítì, Màámi ń ṣiṣẹ́ ìjọba, èmi nìkan ni wọ́n sì bí. Màámi kò gbà kí ẹran wọlé òun, ó ní ìtọ̀ rẹ̀ á máa rùn. Bàámi bá fi nẹ́ẹ̀tì sé igun kan ní ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ fèrèsé ilé ìdáná. Kò ráyè ṣe ìdérí sí i.

Kò pẹ́ tí èmi àti Bọ̀rọ̀kìnní fi mọwọ́ ara wa. Bí ó bá gbọ́ tí láílọ́ọ̀nù ń dún lọ́wọ́ mi, á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, torí ó mọ̀ pé èèpo kárọ́ọ̀tì ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òjìji ẹyẹ lásán bá kọjá, á sáré kiri, á máa forí gún nẹ́ẹ̀tì. Bàámi ní irú ẹran báyìí kò mọ ìjà, kí ó ríbi sá pamọ́ sí nìkan ló lè gbà á là. Bí wíwá ilé fún un ṣe di iṣẹ́ mi nìyẹn.

Páálí ọṣẹ ni mo kọ́kọ́ lò. Ó tọ̀ sí i, ó sì jẹ ìyókù. Mo wá agolo mílíìkì ńlá kan, mo dá a dùbúlẹ̀. Ní ọ̀sán, mo ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, mo sì yára fà á yọ, torí irin náà gbóná bí ìkòkò tó wà lórí iná. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, ó dà bíi pé mo fẹ́ sè é láàyè.

Lẹ́yìn náà ni ológbò Màmá Onílé bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sórí ògiri. Àgbàlagbà Àwórì ni Màmá Onílé, iwájú ilé ló ń gbé, ó sì ń sin ológbò náà nítorí eku. Bàámi lọ fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ ẹ́ kó bá wa mú un so. Màmá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tísà, ológbò tèmi ò mọ eku tó jẹ́ ayálégbé." Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù Màmá ti ń bà mí.

Nígbà tó yá, Bàámi gbé àpótí sípíkà àtijọ́ kan wá láti Alábà, níbi tí wọ́n ti ń tú ẹ̀rọ tó bàjẹ́. A fi pákó dí ihò ńlá ojú rẹ̀, a fi èyí tó kéré sílẹ̀. Bàámi ní ibi tí orí ológbò bá ti wọ̀, gbogbo ara rẹ̀ á wọ̀ ọ́. Mo fi orí ẹja tan ológbò náà wá, Bàámi fi okùn wọn orí rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rán fìlà fún un. Ihò náà kò gbà á. Bọ̀rọ̀kìnní wọlé wẹ́rẹ́, inú mi sì dùn débi pé mi ò jẹun alẹ́. Láti ìgbà náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Gbogbo wa rò pé ìfọ̀kànbalẹ̀ ló mú un sanra, a sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọlidé dé. Bàámi á ti lọ kọ́ni; bí Màámi náà bá ń lọ síbi iṣẹ́, á fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn irin mọ́ mi láti ìta. Àràárọ̀ ló ń sọ ọ́: "Bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn, má dáhùn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ìwọ nìkan ló wà nílé." Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń fọ abọ́ nígbà tí mo gbọ́ igbe kan tí mi ò gbọ́ rí. Mo yọjú. Bọ̀rọ̀kìnní ti ki orí àti èjìká bọ ihò, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ há. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń ha ilẹ̀, kò lè wọlé, kò lè padà. Lórí ògiri, ológbò ti dìde dúró.

Mo sáré lọ ṣí ilẹ̀kùn, mo gbàgbé pé àgádágodo wà níta. Mo padà sójú fèrèsé, mo na ọwọ́ jáde láàárín irin, kò dé ibẹ̀. Mo ju bàtà, mo ju àlùbọ́sà, mo da omi abọ́. Ológbò kàn gbọnra nù ni, ó bẹ́ sínú nẹ́ẹ̀tì, ó sì lúgọ. Bí mo bá pariwo, gbogbo àgbàlá á mọ̀ pé kò sí àgbà nílé wa. Ohùn Màámi ń dún létí mi, mo fọwọ́ bo ẹnu. Ológbò náà na ọwọ́ kan, ó fi tọ́ ìdí Bọ̀rọ̀kìnní wò, bí ẹni ń yẹ ọjà wò kó tó rà á.

Ni mo bá figbe ta: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú ológbò yín!"

Mo ń pè é léraléra títí ó fi yọ. Mi ò tíì rí ẹni tó rọra ń rìn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó gbá ológbò mú ní awọ ọrùn, irun pupa Bọ̀rọ̀kìnní ti wà léèékánná ológbò náà, ó lọ tì í mọ́ yàrá, ó sì padà wá. Bó ṣe fẹ́ fa ẹran náà, mo bẹ̀ ẹ́ kó má fà á. Ó wò mí, ó ní kí n mú òróró wá. Mo na ife òróró sí i láàárín irin, ó fi pa ikùn náà yíká, ó sì ń yí i díẹ̀díẹ̀ títí tó fi yọ jáde. Ó gbé e lé itan, ó tẹ ikùn rẹ̀ wò.

"Oyún ló ní," ló wí. "Láti ọjà ló ti gbé e wá. Ẹ̀yin ń pè é ní sísanra."

Mo rò pé yóò lọ. Ó dojú bákẹ́ẹ̀tì dé ilẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, ó jókòó, ó fi ìró rẹ̀ bo Bọ̀rọ̀kìnní, ó sì wà níbẹ̀ títí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tí Màámi dé, tó rí Màmá Onílé tó jókòó síbẹ̀, báàgì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó fọwọ́ tọ́ mi wò láti orí dé ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni inú bí i. Ó bi mí pé ta ló ní kí n pariwo. Ẹkún ni mo bú sí.

Màmá Onílé ló dáhùn láti ìta. "Ìyá Fólúkẹ́, èmi ni mo gbọ́ ọ. Ṣé ẹ̀rù àwọn tó máa gbọ́ ló yẹ kó bà ọ́ ni, àbí tí ẹnì kankan ò bá gbọ́?"

Màámi jáde lọ gba ẹran náà lọ́wọ́ rẹ̀. Inú ilé ìdáná ni Bọ̀rọ̀kìnní sùn lálẹ́ yẹn, ibẹ̀ náà ló sì bí ọmọ mẹ́ta sí, ojú wọn ti là, irun sì ti bò wọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí Màámi tó lọ síbi iṣẹ́, ó dì mí lọ́wọ́ mú lọ kan ilẹ̀kùn Màmá. Ó kúnlẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ wa kejì lé e lọ́wọ́. Ó ní, "Màmá, ọmọ mi nìkan ló máa ń wà nílé. Ẹ bá mi máa tẹ́tí sí i." Mo mọ bí ó ṣe ṣòro fún un tó, torí ohun tó ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ ló fẹnu ara rẹ̀ sọ yẹn.

Mo ti dàgbà báyìí, àdúgbò Ìba ni mò ń gbé, nínú fúláàtì kan tó ní ògiri gíga, géètì méjì àti kámẹ́rà. Èmi fúnra mi ni mo yàn án, nítorí ààbò. Lóṣù tó kọjá, wáyà fíríìjì mi gbiná. Èéfín bo gbogbo yàrá, mo ṣí fèrèsé, mo la ẹnu láti ké. Ọmọ tí mo jẹ́ ní Òkokomáíkò bẹ̀rù àtipariwo, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tí yóò pè. Èmi kò mọ orúkọ ẹnì kankan nínú ilé náà. Mo pa ẹnu dé, mo pa súìṣì ògiri, mo fi aṣọ tútù pa iná náà fúnra mi, mo jókòó sílẹ̀, mo sì sunkún. Mo ní tí ilẹ̀ bá mọ́, màá lọ kan ilẹ̀kùn tó dojú kọ tèmi, kí n sọ orúkọ mi fún wọn.

Mi ò tíì kàn án.